Lẹ́tà ṣíṣí sí Gíwá àti Ìgbìmọ̀ Alákòóso yunifásítì wa: ẹ má ti yàrá tí a ti ń dán oògùn ìpara wò pa

Ẹ̀yin Gíwá wa àti ẹ̀yin ọmọ Ìgbìmọ̀ Alákòóso, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Mi ò dárúkọ yunifásítì wa sínú lẹ́tà yìí, nítorí mi ò kọ ọ́ láti dójú ti ilé tó ń bọ́ mi. Ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ mọ ara yín. Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wà ní lábù ẹ̀ka ìpoògùn. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ti kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka, mo ti kọ̀wé sí díìnì, mo ti kọ̀wé sí akọ̀wé àgbà. Ẹnikẹ́ni ò fèsì. Ìdí tí mo fi gbé e síta nìyẹn, kí àwọn tó ń fi ìpara pa ara wọn àti ara ọmọ wọn lè mọ ohun tí ẹ fẹ́ tì pa.

Ìwé tó ti ọ̀dọ̀ yín wá ní kí a kó ẹrù wa kúrò ní yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, pé ẹ fẹ́ to kọ̀ǹpútà síbẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ìdánwò àṣewọlé. Ìdí méjì lẹ sọ. Ẹ ní irinṣẹ́ inú yàrá náà ti di ti àtijọ́. Ẹ tún ní kì í pa owó wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

1. Nọ́ńbà tó wà lára tùúbù kò sọ ohun tó wọ ara.

Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Jẹ́ẹ̀lì diclofenac, oògùn ìrora, ni dókítà ní kí wọ́n máa fi pa á. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ṣiṣẹ́, wọ́n ń dìde lórí àga láì di ògiri mú. Nígbà tó tán, kẹ́mísì tí mo ti rà á kò ní in mọ́, mo bá ra ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Oògùn kan náà ni, 1% ló sì wà lára tùúbù méjèèjì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí màmá fi pè mí lórí fóònù: "Àkànní, èyí tí o mú wá yìí, mo kàn ń fi ra ara lásán ni."

Mo rò pé ayédèrú ni. Mo gbé tùúbù méjèèjì lọ sí lábù, mo fi ẹ̀rọ HPLC, èyí tó ń ka iye oògùn tó wà nínú nǹkan, yẹ̀ wọ́n wò. Oògùn pé nínú méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Ká ní ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa mọ ni, méjèèjì ti yege, ìyá àgbàlagbà ló wá di ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n a ní yàrá kan ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi méjèèjì pa awọ tí a tẹ́ lé ẹnu ìgò kékeré tí omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìgò mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì sun lábù mọ́jú. Oògùn inú tùúbù àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sínú omi ìsàlẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Ti ìkejì, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, ẹ̀rọ ò tíì rí ohun tó ṣeé kà. Ìdánwò ẹẹ̀kan ni, mi ò sì ní torí rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́bi. Àmọ́ orúnkún màmá ti sọ ohun tí HPLC ò lè sọ.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti yé ènìyàn. Oògùn kì í dá wọ ara. Ohun tí a fi pò ó ló ń gbé e: omi ni o, òróró ni o, ọtí ni o, propylene glycol ni o, ìyẹn kẹ́míkà olómi kan tí oògùn máa ń yòrò nínú rẹ̀. Bí oògùn náà bá yòrò dáadáa nínú rẹ̀, tó sì múra tán láti fi í sílẹ̀ bọ́ sínú awọ, yóò kọjá. Bí ohun tí a fi pò ó bá dì í mú ju bó ti yẹ lọ, orí awọ ló máa jókòó sí títí a ó fi wẹ̀ ẹ́ dànù. Ẹ wo betamethasone dipropionate 0.05%, oògùn ìpara fún awọ tó ń yún tàbí tó wú. Nínú ìpara olóròóró kan tí wọ́n fi propylene glycol tún ṣe kí oògùn náà lè wọlé dáadáa, ìsọ̀rí kìíní ni wọ́n fi í sí nínú ìsọ̀rí méje tí àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà ń lò, ìyẹn èyí tó le jù lọ. Oògùn yìí kan náà, 0.05% yìí kan náà, bó bá wà nínú lóṣọ̀n lásán, ìsọ̀rí karùn-ún ló wà. Ìyá tó ń ra ìpara fún ọmọ rẹ̀ ní kẹ́mísì kò lè rí ìyàtọ̀ yẹn lára nọ́ńbà. Apòògùn tó tà á fún un náà kò lè rí i níbẹ̀.

2. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú yàrá náà, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú yín tó tíì wọ ibẹ̀ rí.

Ìgò kékeré mẹ́fà ni, wọ́n tò sórí ìlà kan. A ń pè wọ́n ní ìgò Franz, nítorí dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Thomas Franz, ló sọ irú rẹ̀ di ìlúmọ̀ọ́ká nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1975. Ìgò kọ̀ọ̀kan ní apá méjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ ni a ń bu omi iyọ̀ sí, mágnẹ́ẹ̀tì kékeré kan sì ń yí nínú rẹ̀ bí ẹni ń ro ẹ̀kọ. A ó tẹ́ awọ lé ẹnu rẹ̀, a ó gbé apá òkè lé awọ náà, a ó sì fi irin dè wọ́n pọ̀. Omi gbígbóná ń ṣàn yí ìgò náà ká kí ojú awọ lè wà ní 32°C, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ojú awọ ènìyàn alààyè ṣe ń gbóná mọ. A ó wá fi ìpara tín-ín-rín pa awọ náà lókè, bíi 10 mílígíráàmù sórí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń fi pa ara nílé. Láti ìgbà yẹn lọ, ní wákàtí kìíní, ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà, ìkẹjọ, ìkejìlá, títí dé ìkẹrìnlélógún, a ó máa fi sírínjì fa omi díẹ̀ láti apá ìsàlẹ̀ ìgò náà, a ó sì máa fi omi tuntun dípò rẹ̀. Inú omi tí a fà yẹn ni HPLC ti ń wá oògùn.

Létí, ó dà bí iṣẹ́ ọmọdé. Lọ́wọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ bá há sábẹ́ awọ náà, ibẹ̀ ò ní fara kan omi mọ́, èsì ìgò yẹn á sì di irọ́. Nítorí náà a ní láti kọ́kọ́ yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú omi, ká tún gbé ìgò náà sókè sójú ìmọ́lẹ̀, ká dà á ní ìdàkejì, ká máa fi ìka rọra gbá a títí afẹ́fẹ́ á fi jáde. Èyí máa ń gbà mí ní wàhálà ju gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní iṣẹ́ yìí. Nǹkan tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe máa wo ìsàlẹ̀ awọ fún afẹ́fẹ́.

Awọ náà ńkọ́? Awọ etí ẹlẹ́dẹ̀ ni a ń lò jù, nítorí ó súnmọ́ awọ ènìyàn nínú bó ṣe ń jẹ́ kí nǹkan kọjá. Àwọn alápatà sì máa ń da omi gbígbóná lé ẹlẹ́dẹ̀ lórí kí irun rẹ̀ lè tú. Tí omi gbígbóná bá ti kàn án, ìpele òkè awọ ti bàjẹ́, kò wúlò fún wa mọ́. Mo ní láti dé ọ̀dọ̀ wọn ní ìdájí, kí omi tó hó, kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gé etí fún mi ná. Owó ara mi ni mo fi ń rà á. Mo ń gbé e wá nínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, lórí ọ̀kadà.

Ìpele òkè tí mò ń sọ yìí, kì í nípọn ju 10 sí 20 maikrómítà lọ ní ibi tó pọ̀ jù lọ lára wa. Bébà tí ẹ fi kọ̀wé sí wa nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ni, wọ́n tò léra bíi bíríkì, ọ̀rá sì ni símẹ́ǹtì tó wà láàárín wọn. Òun ni kò jẹ́ kí omi ara wa gbẹ, òun náà ni kò jẹ́ kí oògùn ráyè wọlé. Nínú hydrocortisone, oògùn ìpara fún ara yíyún, tí a bá fi pa apá, bí 1% péré ló ń wọ ara. Nítorí náà, kí ìwọ̀nba tó ń kọjá di ìlọ́po méjì, tàbí kó di òfo, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá.

3. Irinṣẹ́ náà kì í ṣe ti àtijọ́.

Mo rò pé ẹni tó sọ fún yín bẹ́ẹ̀ wo ọjọ́ orí ìgò, kò wo ohun tí wọ́n ń fi í ṣe lónìí. Ní 2004, OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń fọwọ́sowọ́pọ̀ lórí ọrọ̀ ajé, gbé ìlànà 428 jáde lórí bí a ṣe ń fi awọ tí a gé dán ohun tó ń wọ ara wò. Ìlànà yẹn ni a ń tẹ̀ lé. Ó ní lẹ́yìn ìdánwò kí a ka gbogbo oògùn náà: èyí tó kù lókè, èyí tó há sínú awọ, èyí tó já sínú omi, kí àròpọ̀ wọn sì wà láàárín 90% sí 110% ohun tí a fi pa á. Bí kò bá pé, oògùn kan sọnù lọ́wọ́ wa nìyẹn, a ó tún un ṣe.

Ní oṣù kẹwàá 2022, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbé àbá ìlànà jáde fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe ìpara tó jọ èyí tó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀. Ìlànà náà sọ bí wọ́n ṣe lè fi ìdánwò lórí awọ ènìyàn, nínú irú ìgò yìí, fi hàn pé tiwọn bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Ohun tí Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ìlànà fún ní 2022 ni ẹ ní ó ti di ti àtijọ́ lọ́dọ̀ tiwa.

4. Awọ kò rí bákan náà níbi gbogbo, kò sì rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn.

Ní 1967, àwọn olùwádìí méjì, Feldmann àti Maibach, fi hydrocortisone pa oríṣiríṣi ibi lára ènìyàn, wọ́n sì wọn ohun tó wọlé. Tí a bá pe ti apá ní 1, ti àtẹ́lẹsẹ̀ jẹ́ 0.14, ti iwájú orí jẹ́ 6, ti ẹ̀bá àgbọ̀n jẹ́ 13, ti àpò ẹpọ̀n sì jẹ́ 42. Ìpara kan náà ni o! Ẹ wá ro ti ẹni tó ń fi ìpara tí wọ́n ní kó fi pa àtẹ́lẹsẹ̀ pa ojú.

Ti ọmọdé tún burú jù bẹ́ẹ̀. Tí a bá fi bí ọmọ jòjòló ṣe wúwo mọ wé bí awọ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, awọ rẹ̀ ju ti àgbàlagbà lọ ní ohun tó ju ìlọ́po méjì. Ìwọ̀n ìpara tí kò ní ṣe bàbá rẹ̀ ní nǹkan kan lè pọ̀ jù fún un. Tí a bá wá so pampers mọ́ ọn nídìí lórí ìpara náà, ooru àti omi tó há síbẹ̀ á mú kí awọ náà rọ̀, oògùn á sì wọlé ju bó ti yẹ lọ. Hydrocortisone tí a fi nǹkan bò lè wọlé ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Ní 1972 ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ta pàúdà ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní Talc Morhange. Àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pò ó, hexachlorophene, kẹ́míkà apakòkòrò kan, tó wọ inú rẹ̀ tó 6%. Ara ìdí àwọn ọmọ ni wọ́n ń bù ú sí. Ọmọ mẹ́rìndínlógójì ló kú, àwọn tó sì fara gbá a lé ní igba. Wọn ò fún ọmọ kankan mu. Awọ ni ó gbà wọlé.

Gbogbo ìgbà tí mo bá rí ìyá tó pọn ọmọ, tí mo sì rí i pé ọrùn ọmọ náà ń dán fún ìpara, ohun tí mo máa ń rò nìyẹn.

5. Àwa gan-an ló yẹ kí a ní yàrá yìí ju àwọn mìíràn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Nínú oògùn ìpara tó wà ní ọjà wa, àwọn tí a ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì pọ̀ gan-an; betamethasone, hydrocortisone àti clobetasol wà lára wọn. Ọ̀nà tí wọ́n ti ń wọn agbára wọn láti 1962, tí àwọn olùwádìí méjì, McKenzie àti Stoughton, fi lélẹ̀, ni pé kí a fi oògùn náà pa apá, ká sì máa wo bí ojú ibẹ̀ ṣe ń funfun, nítorí sítẹ́rọ́ìdì máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré pọ̀. Bó bá ṣe funfun tó ni agbára rẹ̀ ṣe tó. Lára òyìnbó, ó rọrùn láti rí. Lára èmi àti ẹ̀yin, funfun yẹn ṣòro rí, kódà fún ẹ̀rọ. Ìdánwò tí wọ́n fi to àwọn oògùn wọ̀nyí sí ìsọ̀rí, tí a sì ń tẹ̀ lé nínú ìwé wa, awọ tí kò jọ tiwa ni wọ́n fi ṣe é.

Ìgò Franz kì í wo àwọ̀. Ohun tó kọjá ló ń kà.

Ní 2023, Ọ̀gá Àgbà NAFDAC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye, kéde pé ọ̀rọ̀ bíbóra ti di pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ìmọ̀ bí a ṣe ń po oògùn ni wọ́n, wọn ò sì sọ̀rọ̀ láìmọ̀. Ẹ lọ sí ọjà èyíkéyìí ní ìlú yín, ẹ dúró níwájú ìsọ̀ àwọn tó ń po ìpara. Wọ́n á gbé abọ́ ńlá sílẹ̀, wọ́n á fún tùúbù clobetasol, sítẹ́rọ́ìdì tó le gan-an, sí i, wọ́n á fún òmíràn sí i, wọ́n á da lóṣọ̀n lé e, wọ́n á rò ó pọ̀, wọ́n á bù ú sínú ike. Clobetasol yẹn, 0.05%, ìkìlọ̀ tó wà fún un ni pé kí àgbàlagbà má lò ó ju ọ̀sẹ̀ méjì léra lọ, kó má sì ju 50 gíráàmù lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ènìyàn wa ń fi pa gbogbo ara láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yà ara kékeré tó wà lórí kíndìnrín, tó ń ṣe sítẹ́rọ́ìdì fún ara fúnra rẹ̀, á wo ohun tó ń wọlé láti ìta, á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọjọ́ tí àìsàn ńlá tàbí iṣẹ́ abẹ bá dé, ara á wá a tì.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan tó wà ní ọdún kẹrin bi mí ní ìbéèrè kan lọ́dún tó kọjá: tí wọ́n bá po clobetasol mọ́ òrí, ṣé ó máa wọlé sí i ni, àbí ó máa dín kù? Tí wọ́n bá sì po ó mọ́ àdín ńkọ́? Mi ò mọ̀. Kò sí ìwé tí mo lè fà yọ fún un. Ìbéèrè wa ni, àwa tí a ń fi òrí pa ọmọ láti ọjọ́ tí a ti bí i. Inú yàrá yẹn la ti lè rí ìdáhùn rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pẹ̀lú etí ẹlẹ́dẹ̀, òrí àti sùúrù. Ọmọ náà ti kọ àbá iṣẹ́ rẹ̀ tán kí ìwé yín tó dé.

6. Lórí ọ̀rọ̀ owó.

Òótọ́ ni pé yàrá náà kì í pa owó wọlé. Mi ò ní bá yín jiyàn. Kẹ́míkà tí HPLC ń mu, dọ́là la fi ń rà á, mo sì mọ iye tí dọ́là jẹ́. Mo tún mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ìdánwò àṣewọlé á pa owó lọ́dọọdún, owó náà á sì ṣe ilé ẹ̀kọ́ láǹfààní.

Ṣùgbọ́n ẹ bi mí ìdí tí kò fi pa owó. Láàárín ọdún mẹ́ta, ilé-iṣẹ́ méjì tó ń ṣe ìpara, láti apá Ọ̀tà àti Ìkẹjà, ti wá bá mi. Ọ̀kan fẹ́ pààrọ̀ òróró tó fi ń po ìpara nítorí ti tẹ́lẹ̀ ti wọ́n, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn inú rẹ̀ á ṣì máa jáde bíi ti tẹ́lẹ̀. Irú ìdánwò yẹn kò tiẹ̀ nílò awọ; ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́ la ń lò, wákàtí mẹ́fà ló sì ń gbà. Wọ́n múra tán láti sanwó. Mo lọ sí bọ́sà, wọ́n ní kò sí àkáǹtì tí owó náà lè wọ̀, pé kí n lọ gba àṣẹ. Mo béèrè àṣẹ, mi ò rí i gbà. Mi ò lè gba owó sọ́wọ́ ara mi, mo sì kọ̀ láti gbà á. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà lọ. A kì í dènà ẹnu ọ̀nà ọjà ká tún wá bi ọlọ́jà pé kí ló dé tí kò tà.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì tó kọjá, ìdánwò kan ti dé wákàtí kẹrìnlá nígbà tí NEPA mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ka kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn agogo mẹ́wàá alẹ́. Omi tó ń yí ìgò ká bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, 32, 30, 28. Mo gbé fílásìkì omi tíì mi, mo ń dà á sí i díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Kò pẹ́ tí ó tán. Ọmọbìnrin tó ni iṣẹ́ náà, tó ti fi oṣù mẹ́rin múra rẹ̀, jókòó sórí àga, kò sọ ohunkóhun, ó kàn ń wo ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nínú òkùnkùn. Gbogbo nọ́ńbà òru yẹn la dà nù.

7. Ohun tí mo ń béèrè.

Àkọ́kọ́, ẹ fagi lé ìwé náà kí oṣù tó parí. Gbọ̀ngàn tó kọjú sí yàrá wa, níbi tí wọ́n kó àga tó kán sí, fẹ̀ ju yàrá wa lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ kó àga yẹn jáde, kí kọ̀ǹpútà yín wọ ibẹ̀. Mo ṣe tán láti bá wọn kó o.

Ìkejì, ẹ fún wa ní inverter àti bátìrì tí ẹ̀rọ omi gbígbóná, mágnẹ́ẹ̀tì àti fíríìsà nìkan á máa lò. Kì í ṣe fún fáànù, kì í ṣe fún ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni.

Ìkẹta, ẹ ṣí àkáǹtì kan fún iṣẹ́ ìdánwò, kí rìsíìtì yunifásítì máa wà fún gbogbo owó tó bá wọlé, kí apá kan rẹ̀ sì máa padà wá ra kẹ́míkà.

Ìkẹrin ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí òun ló gbẹgẹ́ jù. Awọ ẹlẹ́dẹ̀ dára, ṣùgbọ́n awọ ènìyàn ni àwọn àjọ ńlá fẹ́ rí. Ní òkè òkun, awọ tí wọ́n gé nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ láti dín ikùn tàbí ọyàn kù, tó jẹ́ pé wọn ìbá sun ún ni, ni wọ́n ń lò, lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín bá ti fọwọ́ sí i. A lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó wà nítòsí wa. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ gígé ara ènìyàn ṣe ń dún létí wa lásìkò yìí tí wọ́n ń bá ẹ̀yà ara ènìyàn lọ́wọ́ àwọn olóògùn owó. Ìdí nìyẹn gan-an tí kò fi yẹ kí á ṣe é ní kọ̀rọ̀. Kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ aláìsàn kọ́kọ́ jókòó lé e. Kí a kọ fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda náà ní Yorùbá tó yé ìyá tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí dókítà kà á sí wọn létí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì lè kọ̀ láìsí pé ìtọ́jú wọn yí padà. Kí orúkọ má wà lára awọ tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ orí àti apá ibi tí wọ́n ti gé e nìkan. Kí fíríìsà rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ 20°C sábẹ́ òdo, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì, kí ìwé wà tí a ń kọ gbogbo ègé sí, láti ọjọ́ tó wọlé di ọjọ́ tí wọ́n sun ún. Tí awọ náà bá jẹ́ ti àwọn ènìyàn wa, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi á máa ka nọ́ńbà tó ti ara wa wá.

Ìkarùn-ún, lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí a máa ra ìpara mẹ́wàá láti ọjà àti kẹ́mísì, ká dán wọn wò, ká fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí NAFDAC. A ti kùnà nínú èyí, èmi náà sì wà lára àwọn tó kùnà: ọ̀pọ̀ èsì tí a ní wà nínú ìwé iṣẹ́ àṣekágbá tó ń jẹ eruku ní láíbìrì. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ.

Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, agogo mẹ́jọ àárọ̀, mo máa gbé awọ lé ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Clobetasol ní ìgò méjì, clobetasol tí a po mọ́ òrí ní méjì, èyí tí a po mọ́ àdín ní méjì. Ọmọ ọdún kẹrin tó béèrè ìbéèrè yẹn ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ìdánwò náà á parí ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilẹ̀kùn á sì wà ní ṣíṣí ní gbogbo òru. Mo ti ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ kékeré tèmi. Ẹ wá, ẹ̀yin ọ̀gá wa, kí ẹ fi ojú ara yín rí i kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé tó kẹ́yìn.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ lábù, ẹ̀ka ìpoògùn